A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

Ẹ̀yin ará mi, ọmọ Yorùbá tí ẹ ń gbé Òkè Ọya àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tí kì í ṣe ilẹ̀ baba wa, mo kí yín o. Mo kí ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń gun alùpùpù lọ ná ọjà oko. Mo kí ẹ̀yin olùkọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ yín jìnnà sí ilé. Mo kí ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó jẹ́ pé orí alùpùpù ni ẹ ti ń rí ojú ọ̀nà ju orí àga ọ́fíìsì lọ. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú eruku, ẹ sì kú ìfaradà afẹ́fẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè dà bí ohun kékeré létí ẹni tí ń wọ mọ́tò. Ọ̀rọ̀ gíláàsì iwájú alùpùpù ni, èyí tí a ń dè mọ́ ọwọ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà máa gbá ni láyà àti lórí. Ohun tí mo ti ṣàkíyèsí ni pé bí ẹni ra ẹran láì wò ó lẹ́nu ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń rà á. Gíga rẹ̀ àti dídán rẹ̀ nìkan ni à ń wò. Èrò tèmi ni pé gíláàsì tí ó bá orí ẹni tí ń gun alùpùpù mu ni gíláàsì gidi, kì í ṣe èyí tí ó ga jù lọ nínú ìsọ̀. Ẹni tí kò bá sì wọn orí ara rẹ̀ kí ó tó rà á, ó lè fi owó ara rẹ̀ ra ewu wálé.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ LỌ́NÀ TORO

Ìlú Jos ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ẹni tí ó bá mọ Jos mọ̀ pé orí òkè ni ìlú náà wà. Ó ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ju ojú òkun lọ, òtútù rẹ̀ kò sì jọ ti Ìbàdàn tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta ni ọyẹ́ máa ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, láti ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn. Lásìkò bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá ń gun alùpùpù láàárọ̀ a máa wọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ẹ̀yìn síwájú, kí afẹ́fẹ́ má baà gba àárín bọ́tìnnì wọlé sí i láyà. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi sú mi, mo sì pinnu pé n ó ra gíláàsì.

Nígbà tí mo dé ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ohun èlò alùpùpù, ẹni tí ń tà kò bi mí bí mo ti ga tó, èmi náà kò sì bi ara mi. Èyí tí ó ga jù lọ ni mo nawọ́ sí. Mo rò ó nínú ara mi pé bí igi bá ti ga tó ni ibòòji rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó. Mo sanwó, wọ́n dè é mọ́ alùpùpù mi ní òòró gangan bí ògiri, ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ iná iwájú, etí rẹ̀ lókè sì dé ọ̀gangan ẹyinjú mi. Mo ń yan lọ sílé bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oyè.

Láàárín ìgboro, ohun gbogbo dára. Àyà mi móoru, mo sì ń dúpẹ́. Ó wá di ọjọ́ Sátidé kan tí èmi àti ìyàwó mi gbéra láti lọ bá ará ìlú wa kan ṣe ìsọmọlórúkọ ní Toro. Ojú ọ̀nà Bauchi ni Toro wà, ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn gan-an ni ọ̀nà náà sì kọjú sí. Èyí ni pé ibi tí ọyẹ́ ti ń bọ̀ ni àwa ń lọ pàdé rẹ̀.

A kò tíì jìnnà sí ìlú tí akoto fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì lórí mi. Kì í ṣe pé afẹ́fẹ́ ń tì mí sẹ́yìn bí ó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ńṣe ni ó ń gbá mi lósì, tí ó tún ń gbá mi lọ́tùn-ún, bí ẹni pé àwọn ọmọdé méjì di orí mi mú tí wọ́n ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Etí mi ń hó, ohun gbogbo sì ń ṣe wìnnìwìnnì lójú mi. Láti ẹ̀yìn ni ìyàwó mi ti ké sí mi pé, "Bàbá Ayọ̀, ẹ rọra o! Òòyì ń kọ́ mi!"

Bí mo ti fẹ́ dá a lóhùn ni ewúrẹ́ kan já sójú ọ̀nà. Etí gíláàsì ni ó dábùú ojú mi. Eruku ọyẹ́ ti bo ìsàlẹ̀ rẹ̀, oòrùn àárọ̀ sì ń kọ mànà lára rẹ̀, n kò tètè rí ewúrẹ́ náà. Ìgbà tí ó kù díẹ̀ kí n gùn ún mọ́lẹ̀ ni mo tẹ bíréèkì. Táyà ẹ̀yìn fì sí ẹ̀gbẹ́, ìyàwó mi sì fi orí gbá mi lẹ́yìn. Ọlọ́run ni ó yọ wá, a kò ṣubú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé Toro, ọrùn mi ti gan, n kò sì lè gbé iyán tí wọ́n gbé síwájú mi mì. Bí àwọn àlejò ti ń yọ̀ ni mo ń wo ìyàwó mi lókèèrè, tí mo ń ronú ohun tí ǹ bá wí fún àwọn òbí rẹ̀.

ỌGBỌ́N ÀGBÀ

Nígbà tí a padà, mo mú alùpùpù náà lọ sọ́dọ̀ àgbàlagbà mọkáníìkì kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó ti ń gbé Jos láti ìgbà èwe rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Gíláàsì yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi yọ sọnù. Ìyà ni ó fi jẹ mí."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ mi, ta ni ó bá ọ yàn án?"

"Èmi fúnra mi ni, Bàbá."

"Ṣé o jókòó sórí alùpùpù, tí o dé akoto, kí o tó yàn án?"

"Rárá o, Bàbá."

"Ṣé o rí i báyìí? A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Gíláàsì kò ṣẹ̀ ọ́. Orí rẹ ni o kò mú dání lọ sọ́jà."

Ó ní kí n jókòó sórí alùpùpù kí n sì dé akoto. Ó dúró ní ẹ̀gbẹ́, ó wò mí bí télọ̀ ti í wo ẹni tí ó fẹ́ rán dàńṣíkí fún. Lẹ́yìn èyí ni ó la ọ̀rọ̀ náà yé mi ní ọ̀nà tí n kò lè gbàgbé láéláé.

Ó ní afẹ́fẹ́ dà bí odò. Bí omi odò bá ń ṣàn geerege, ẹni tí ó dúró nínú rẹ̀ yóò mọ̀ pé omi ń ti òun, ṣùgbọ́n títì náà dọ́gba, ara rẹ̀ yóò sì gbà á. Bí omi náà bá wá kọlu àpáta, ẹ wo ẹ̀yìn àpáta náà: ńṣe ni omi ń yí po, tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Ọkọ̀ ojú omi tí ó bá wọ ibẹ̀ kò ní ìsinmi. Bẹ́ẹ̀ ni gíláàsì alùpùpù rí. Afẹ́fẹ́ tí ó bá gun orí rẹ̀ kọjá kì í lọ tààrà mọ́. Ní etí rẹ̀ lókè ni ó ti ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, tí ó ń yí bí ààjà kéékèèké. Bí akoto rẹ bá wà láàárín àwọn ààjà náà, wọn yóò máa gbá a kiri ni.

Nítorí náà, ibi méjì péré ni orí lè wà kí ara tó tù ú. Ó lè wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí afẹ́fẹ́ ti dákẹ́ lẹ́yìn gíláàsì. Ó sì lè wà lókè pátápátá, níbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́, tí ó ń ṣàn geere, tí ó fi jẹ́ pé àyà nìkan ni gíláàsì ń bò. Àárín méjèèjì ni ewu wà. Ẹ kò rí i pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà? Ẹlòmíràn nílò gíláàsì tí ó ga sí i, ẹlòmíràn sì nílò èyí tí ó kúrú sí i. Ìdí nìyí tí ọ̀rẹ́ rẹ fi lè máa yin gíláàsì kan, tí ìwọ yóò sì ra irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ kí o tó máa sunkún.

Bàbá kò yọ gíláàsì mi sọnù. Ó tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, ó rọ̀ ọ́ sẹ́yìn díẹ̀ kí ó má ṣe dúró bí ògiri mọ́, ó sì fi àlàfo tí ó tó ìka mẹ́ta sílẹ̀ láàárín ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti iná iwájú. Ó ní bí a bá dí ìsàlẹ̀ pa, ẹ̀yìn gíláàsì yóò ṣófo, afẹ́fẹ́ yóò sì máa gba ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ ya wọ ibẹ̀. Àlàfo yìí ni yóò jẹ́ kí díẹ̀ gba ìsàlẹ̀ wọlé wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn èyí ni ó fi ayùn eléyín wẹ́wẹ́ gé etí rẹ̀ lókè, tí ó fi dé ọ̀gangan imú mi, ó sì fi pépà kíkan fá a kí ó má ṣe ya ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo tún gba ọ̀nà Bauchi lọ, n kò ní purọ́ pé afẹ́fẹ́ kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ bí afẹ́fẹ́, kò lù mí bí ọ̀tá mọ́.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A WÒ

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ìwádìí, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi pín nínú rẹ̀.

Èkínní, orí gíláàsì ni kí á máa wò kọjá, kì í ṣe inú rẹ̀. Kí etí rẹ̀ lókè má ṣe ga ju ọ̀gangan imú ẹni lọ nígbà tí a bá jókòó bí a ti í jókòó gan-an. Ìgbà òjò àti òru ni a ó mọ ìwúlò èyí, nítorí pé iná ọkọ̀ tí ń bọ̀ a máa tàn yànmọ̀yànmọ̀ lára gíláàsì tí omi tàbí eruku bá wà, ẹni tí ó bá sì ń wo inú rẹ̀ yóò fọ́jú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ náà tó pa ènìyàn.

 Èkejì, ẹ dán an wò kí ẹ tó gé e. Lójú ọ̀nà tí ó gbòòrò tí kò sí ọkọ̀, ẹ máa lọ ní ìwọ̀n tí kò yára jù. Ẹ tẹ orí ba díẹ̀. Bí ìgbálù afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, ó túmọ̀ sí pé gíláàsì náà kúrú fún yín. Ẹ wá na ọrùn sókè díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ara ti tù yín, ó ga jù fún yín ni. Kí ẹ sì tó fi ayùn kàn án, ẹ kọ́kọ́ yí ìdúró rẹ̀ padà, nítorí pé èyí tí a bá ti gé kò ṣe é so padà.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo ibi tí a dè é mọ́. Èyí tí a dè mọ́ ọwọ́ alùpùpù, ọwọ́ náà ni yóò máa tì bí afẹ́fẹ́ bá ti ẹ̀gbẹ́ wá. Bí gíláàsì bá tóbi tí alùpùpù sì fúyẹ́, ńṣe ni yóò dà bí ìgbòkun. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá tírélà pàdé lójú ọ̀nà tóóró mọ bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti í fẹ́ ni sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí gíláàsì ẹni tí ń gun alùpùpù kékeré má ṣe tóbi jù.

Ẹ̀kẹrin, gíláàsì ni gbogbo wa ń pè é, ṣùgbọ́n ike ni. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní acrylic mọ́ gaara, kò sì tètè ní èékánná lára, ṣùgbọ́n ó lè fọ́ bí nǹkan bá bà á. Èyí tí wọ́n ń pè ní polycarbonate kì í tètè fọ́, ṣùgbọ́n ó tètè máa ń ní èékánná bí wọn kò bá fi ohun líle bò ó lójú. Epo bẹntiróò tí àwọn mọkáníìkì wa fi ń nu ohun gbogbo lè ba ike bẹ́ẹ̀ jẹ́, kí ó máa sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Omi àti ọṣẹ tí kò le pẹ̀lú aṣọ rírọ̀ ni kí á máa lò. Lásìkò ọyẹ́, ẹ má ṣe fi aṣọ gbígbẹ nù ún, nítorí iyanrìn wà nínú eruku náà. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sí i.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ rántí ẹni tí ó wà lẹ́yìn. Ìjókòó ẹ̀yìn sábà máa ń ga ju ti iwájú lọ, nítorí náà afẹ́fẹ́ tí ó yẹ orí tiwa lè jẹ́ orí ìyàwó tàbí ọmọ wa ni yóò lọ gbá. Ẹ bi wọ́n léèrè bí a bá ti dé ibi tí à ń lọ.

Ẹ̀kẹfà, gíláàsì kò lè ṣe iṣẹ́ akoto. Nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tẹnu mọ́ òfin akoto láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, àwọn kan ń dé igbá lórí kí ọlọ́pàá má baà mú wọn. A fi wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ṣùgbọ́n kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó dé igbá nítorí ọlọ́pàá àti ẹni tí ó ra gíláàsì nítorí dídán?

ÀWỌN TÍ Ó NÍ AFẸ́FẸ́ LÁSÁN NI

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé àwọn bàbá wa gun kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Òkè Ọya láìsí gíláàsì kankan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí á fi òǹkà wò ó. Bí ìyára bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ni yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Òfin ojú pópó fi kìlómítà 50 ní wákàtí kan sílẹ̀ fún alùpùpù. Bí ẹnìkan bá pa òfin yìí mọ́, tí ọyẹ́ tí ń sáré kìlómítà 30 sì ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀, kìlómítà 80 ni àyà rẹ̀ ń gbà. Agbára náà ju ìlọ́po méjì àbọ̀ ti ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ dákẹ́ lọ. Wákàtí méjì lẹ́nu irú èyí tó láti mú ọrùn gan, kí ó sì mú kí ọkàn rìn kúrò lójú ọ̀nà. Ariwo afẹ́fẹ́ nínú akoto pàápàá a máa ba etí jẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ó bá pọ̀ tí ó sì pẹ́.

Àwọn tí ń ṣe alùpùpù kò fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ BMW ti ilẹ̀ Jámánì ń múra láti gbé alùpùpù R 100 RS jáde ní ọdún 1976, ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti lọ dán ìbòjú rẹ̀ wò nínú ihò ńlá tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́, kí wọ́n tó mọ bí yóò ti rí. Lónìí, àwọn alùpùpù olówó ńlá kan wà tí a kàn ń tẹ bọ́tìnnì kí gíláàsì wọn lè gòkè tàbí kí ó sọ̀ kalẹ̀. Kí ni èyí kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé àwọn tí ó ṣe é pàápàá gbà pé kò sí ìwọ̀n kan tí ó bá orí gbogbo ènìyàn mu. Bí àwọn bá wọn ọ́n kí wọ́n tó tà á, èé ṣe tí àwa kò fi ní wọn ọ́n kí a tó rà á?

Ẹ̀yin tí ń ta ohun èlò, mo bẹ̀ yín, ẹ máa jẹ́ kí oníbàárà jókòó kí ó sì wọn orí rẹ̀ wò. Ẹni tí ó bá ra ohun tí ó bá a mu yóò padà wá. Ẹ̀yin ọ̀gá ọ́fíìsì tí ẹ ń fún àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ àti ti ìlera ní alùpùpù láti lọ sí ìletò, ẹ má ṣe ra gíláàsì ogún tí gbogbo wọn ga bákan náà fún ogún ènìyàn tí gíga wọn kò dọ́gba. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní àwọn ìpínlẹ̀ gbogbo, níbi ìpàdé oṣooṣù tí a ti ń dá owó ìsìnkú, kò burú bí a bá fi ìdajì wákàtí sọ̀rọ̀ ohun tí kò ní jẹ́ kí á tètè dá owó náà.

A jìnnà sílé. Bí ẹnìkan nínú wa bá ṣubú lójú ọ̀nà, ìròyìn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé ilé ṣáájú wa. Nítorí náà, kí olúkúlùkù mú orí rẹ̀ dání lọ sọ́jà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí á rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àlọ ire, àbọ̀ ire o.